Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Ìwádìí Nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń múra ìdánwò, bí o bá ní in lọ́kàn láti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó yẹ kí o tètè mọ̀ pé iṣẹ́ àṣekágbá tí wọn yóò gbé fún ọ níbẹ̀ kò jọ ìdánwò yìí rárá. Nínú ìdánwò, ẹni tí ó bi ọ́ ní ìbéèrè ti mọ ìdáhùn. Nínú iṣẹ́ ìwádìí, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá ìbéèrè, ó sì lè jẹ́ pé olùkọ́ rẹ pàápàá kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni mí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Olùkọ́ tí ó ń bójú tó mi kò fún mi ní àkòrí. Ó ní kí n lọ ronú ohun tí ó ń yọ mí lẹ́nu tí kọ̀ǹpútà lè ṣe nǹkan sí. N kò ronú jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó ń tajà ní ọjà Àtakúnmọ̀sà, ti fi fóònù kọ̀wé sí mi pé, “Oko mi ti baje.” Jọ̀wọ́, kí ni ìwọ yóò fèsì? Ṣé oko rẹ̀ ni, àbí ọkọ́ tí ó fi ń roko? Ṣé ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrù rẹ̀ ni, àbí ọkọ tí ó fẹ́ ẹ sílé? Mo bi ara mi bóyá kọ̀ǹpútà lè dá àmì ohùn padà sórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe rí ìbéèrè mi nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, o gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ àwọn tí ó ti kọjá lọ́nà náà ṣáájú rẹ. Mo kà nípa Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí, olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa fi ohùn ka èdè Yorùbá. Ní ọdún 2012, Túndé Adégbọlá àti Lydia Odilinye wo bí ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí a kó jọ ṣe ń ran dídá àmì padà lọ́wọ́. Ní ọdún 2018, Iroro Orife lo irú ètò tí a fi ń túmọ̀ èdè kan sí òmíràn fún iṣẹ́ kan náà. Má ṣe kàn kà wọ́n bí ẹni ń ka ìtàn. Béèrè lọ́wọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan pé: kí ni wọn kò tíì dé?

Ohun tí ó gba àkókò mi jù kò sí nínú ìwé kankan tí mo kọ́kọ́ kà. Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà bí àwa ṣe ń rí i. Nọ́ńbà ni ó ń rí. Lẹ́tà “á” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè kọ “ẹ” kí a gbé àmì lé e lórí. A sì lè kọ “é” kí a fi kíńkín sí i nísàlẹ̀. Ojú rẹ kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni kọ̀ǹpútà yóò kà á sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan. (Iná ọba a sì máa lọ lóru. Máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ sí ibi méjì.)

Nígbà tí ó kan dídán ètò wò, olùkọ́ mi kọ́ mi ní ohun méjì. Èkíní, ìwọ̀n díẹ̀ nínú gbólóhùn tí o kó jọ ni kí o yà sọ́tọ̀, kí ètò rẹ má ṣe rí i rárá títí di ọjọ́ ìdánwò rẹ̀. Bí o bá ní 1,000, ya 100 sọ́tọ̀. Ìwọ tí o ń kọ́ fún ìdánwò mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ó ti rí ìbéèrè tẹ́lẹ̀ kò tíì fi hàn pé òun mọ̀wé. Èkejì, kọ́kọ́ ṣe ètò tí ó rọrùn jù lọ, èyí tí yóò kàn máa fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ó wọ́pọ̀ jù fún un. Bí ètò ńlá rẹ kò bá borí èyí, kí ni o fẹ́ wí?

Tèmi borí rẹ̀ lórí Yorùbá àjùmọ̀lò. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ní Iléṣà dán an wò, lẹ́yìn tí mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ilé àwa Ìjẹ̀ṣà ni “ulé”, iṣu ni “uṣu”, igi ni “ugi”. Fáwẹ̀lì “u” kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, nítorí náà ètò mi kò rí irú rẹ̀ rí. Àmì tí ó ń fi sí i kò nítumọ̀. Ó dùn mí, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ mi ní kí n má fi pamọ́. Kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi bí ó ti rí.

Ní ọjọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò, orí yẹn ni wọ́n ti bi mí léèrè jù. Àgbà kan láàárín wọn béèrè ohun tí mo fẹ́ fi àwọn gbólóhùn Ìjẹ̀ṣà náà ṣe. Mo ní mo ti tò wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀ka wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìbòkun gbà wọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó sì ń fi ti ìlú tirẹ̀ kún un.