Oṣù Mẹ́rin Adégbóyè Onígbìndé

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nítòsí Ìwó Road, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn SS3 ní Yorùbá lọ sí Òkè-Ògùn, pé èmi ni n ó máa kọ́ wọn títí di ìgbà ìdánwò WAEC. Mo ka oṣù lórí ìka: mẹ́rin. Nígbà tí mo wọ kíláàsì náà, mo rí i pé àwọn ọmọ ti há ìwé sórí dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ àpólà orúkọ nínú gbólóhùn, odindi gbólóhùn náà ni wọn yóò fàlà sí. Mo ní kí wọ́n pa ìwé àkọsílẹ̀ wọn dé, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn abọ́dé. Wọ́n kùn. "Olùkọ́ wa àtijọ́ kì í ṣe báyìí" ni orin tí wọ́n ń kọ sí mi létí.

Ní oṣù kejì ọdún kan náà ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa yọ Shaibu Amodu nípò akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles. Amodu ló mú ikọ̀ náà yege fún Ife Àgbáyé, ṣùgbọ́n ipò kẹta tí wọ́n ṣe nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali kò tẹ́ àwọn aláṣẹ lọ́rùn. Adégbóyè Onígbìndé ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. (Orúkọ onílù ni Onígbìndé, ìgbìn ni ìlù Ọbàtálá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.) Baba náà kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni, ó ti kọ́ Shooting Stars wa rí, òun náà ló sì kó ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan lọ́dún 1984, níbi tí Cameroon ti fi àmì ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan borí wọn. FIFA àti CAF a sì máa rán an láti kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn níṣẹ́. Olùkọ́ àwọn olùkọ́ ni.

Orúkọ àwọn tí yóò lọ sí Japan ló dá rúgúdù sílẹ̀. Sunday Oliseh tó jẹ́ balógun ikọ̀ kò sí níbẹ̀. Finidi George kò sí níbẹ̀. Lábẹ́ afárá Ìwó Road, níbi tí àwa tí a kì í ra ìwé ìròyìn ti ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ni ohùn mi ròkè jù. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ni mo wí, wọ́n sì kan sáárá sí mi. Ẹnì kan ní kí baba ẹni ọdún 64 lọ jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ kíláàsì tí èmi náà ti pa ìwé olùkọ́ ẹlẹ́gbẹ́ mi tì, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀ràn kan náà ni.

Àárọ̀ kùtù ni gbogbo ìdíje náà ń bọ́ sí lọ́dọ̀ tiwa. Ní June 2, ọjọ́ Ìsinmi, kí ènìyàn tó múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, Batistuta ti Argentina ti fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa. Ní ọjọ́ Ẹtì, June 7, Julius Aghahowa gbá tiwa wọlé, ó sì ta òkìtì léraléra. Larsson gbá méjì fún Sweden, ó parí. Àwọn ọmọ JSS ń ta òkìtì lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí ẹni pé àwa la borí.

Ní Ọjọ́rú, June 12, kò sí èrè kankan mọ́ fún wa níbẹ̀. NEPA ti múná lọ. Rédíò ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ni mo dúró gbọ́, mo sì mọ̀ pé n ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Onígbìndé gbé Ike Shorunmu kúrò lẹ́nu ilé, ó fi Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19, síbẹ̀. Ó tún fi Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi sórí pápá, ọmọ Shooting Stars ti Adámásingbà. Ọmọ ọdún 17 péré ni. Ènìyàn méjì péré ló kéré sí i lọ́jọ́ orí nínú gbogbo àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Àgbáyé títí di ọjọ́ náà. Beckham àti Owen ni wọ́n sì dojú kọ. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, òdo sí òdo.

Nígbà tí mo gbọ́ ọmọ ọdún 17 yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Iye ọdún àwọn SS3 mi nìyẹn. Mo rántí ẹ̀rín tí mo rín lábẹ́ afárá, ojú sì tì mí níwájú onígbàjámọ̀ tí kò mọ nǹkan kan.

Àmì kan ṣoṣo ni Onígbìndé mú bọ̀ láti Japan, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tèmi, nígbà tí èsì WAEC dé, àwọn tó gba kírẹ́dítì ní Yorùbá kò tó ìdajì. Ọ̀gá kà á sí etí gbogbo olùkọ́. Kò sọ oṣù tí mo gba kíláàsì náà.

Enyeama gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Enyimba lọ́dún 2003 àti 2004. Ní June 12, ọdún 2010, ọdún mẹ́jọ gééré lẹ́yìn ọjọ́ Osaka, ó dá bọ́ọ̀lù Messi padà léraléra ní Johannesburg, débi pé òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Argentina ló borí. Ìgbà 101 ló gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2015. Ọ̀pábùnmi náà dé Switzerland àti ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n àrùn ojú gba ìríran lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù gbígbá sì parí fún un láìtọ́jọ́. Mo ti gbìyànjú láti ka méjèèjì mọ́ oṣù mẹ́rin yẹn, n kò mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Ta ni yóò ka ojú ọmọ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́rùn? Ta ni yóò sì ní Enyeama kò bá ti dé ibi tó dé bí wọ́n bá fi í sórí ìjókòó lọ́jọ́ yẹn?

Ọ̀kan nínú àwọn SS3 ọdún náà ń kọ́ni ní Yorùbá ní Mónátàn báyìí. Ó wá gba ìwé àkọsílẹ̀ mi lórí àpólà. Òmíràn, tí kò yege rárá, ń wa Micra ní Ìwó Road. Bó bá ti rí mi, yóò yọ orí síta: "Ọ̀gá, àpólà orúkọ!" Kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Títí a ó fi dé Gate, àríyànjiyàn lórí ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́lé fún Super Eagles ni a máa ń ṣe, àwọn èrò ẹ̀yìn yóò sì dá sí i.