Òkè Obudu, Kẹ̀kẹ́ Mi, àti Irọ́ Kékeré Kan

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará ilé mi kì í yé bi mí: kí ni obìnrin ilé ọkọ, ìyá ọmọ, ń wá lórí kẹ̀kẹ́ lójú títì? Ìyá mi tilẹ̀ máa ń fi kún un pé kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín tó báyìí, ta ló fẹ́ gbé? Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ni mò ń kà ní yunifásítì, iṣẹ́ olóòtú ni mo sì fi ń jẹun. Láti àárọ̀ di alẹ́, orí àga ni mo máa ń wà níwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ni mo ra kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkúnbọ̀ kan ní Calabar níbi tí a ń gbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gùn ún.

Ẹ wo bí èdè wa ti dùn tó. A ń gun kẹ̀kẹ́, a ń gun ẹṣin, a sì ń gun òkè. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Àmọ́ ọjọ́ tí ènìyàn bá gun kẹ̀kẹ́ láti fi gun òkè ni yóò mọ̀ pé gígùn ju gígùn lọ.

Òkè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ti Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ ìdílé mọ ibẹ̀ sí ibi ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n ọgbà màlúù ló jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1951. Ọ̀nà tó lọ láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 11, kọ́nà 22 ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn asáré láti Kenya àti Ethiopia ti wá bá wa dù. Wọ́n ṣe ọkọ̀ orí wáyà síbẹ̀ láti máa gbé èrò gòkè ní nǹkan bíi mítà 870. Èmi, ẹsẹ̀ méjì ni mo fẹ́ fi gùn ún. Kọ́nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Devil's Elbow. Àwọn kan máa ń tú u sí Ìgúnpá Èṣù. Mi ò fara mọ́ ìtumọ̀ yẹn, torí Èṣù kì í ṣe Sàtánì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wa kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ kò ní í ráàyè jiyàn lórí orúkọ.

Ohun tó tún mú òkè náà le ni ojú ọjọ́. Afẹ́fẹ́ tó lómi nínú máa ń fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá kan òkè, kò rí ibòmíràn gbà àfi kó gòkè. Bí ó ṣe ń gòkè ló ń tutù, bí ó sì ṣe ń tutù ni omi inú rẹ̀ ń di ìkúùkù. Ìdí nìyí tí oòrùn fi lè máa ràn lẹ́sẹ̀ òkè kí òjò máa rọ̀ lórí rẹ̀. Ooru náà ń dín kù: bí ènìyàn bá gun mítà 1,000, ó máa ń dín ní nǹkan bíi dígírì 6. Aṣọ tó bá ọ mu nísàlẹ̀ lè má bá ọ mu mọ́ lókè.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí a tó gbéra. Oṣù October ni, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní oṣù Ọ̀wàrà. A wa ọkọ̀ láti Calabar, a gba Ikom àti Ogoja, a sùn ní ìlú Obudu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kọjá Sankwala, a dé ẹsẹ̀ òkè. Èmi àti ọkọ mi ti ní àdéhùn. Òun àti ọmọ wa, ọmọ ọdún 6, yóò dúró nísàlẹ̀, kí ọkọ̀ má baà máa tẹ̀lé mi lẹ́yìn bí ẹni ń da màlúù. Màá dúró ní kìlómítà 4 àti ní kìlómítà 8 láti pè é. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, màá sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, màá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, yóò sì wá fi ọkọ̀ gbé mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Jíà tó fúyẹ́ jù ni mo fi sí, mo sì rọra ń wà á. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń ná gbogbo agbára wọn ní kìlómítà méjì àkọ́kọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ara mi ni oríkì ilé wa: bí mo bá lè kì í lọ geere, agbára ṣì wà. Bí mo bá ń já ọ̀rọ̀ sí méjì kí n tó lè mí, eré ti pọ̀ jù nìyẹn, màá sì dẹwọ́. Ní kìlómítà 4, mo pe ọkọ mi. Oòrùn ń ràn, mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, mo mu omi, mo tẹ̀síwájú.

Ní kìlómítà 6, atẹ́gùn yí padà. Òógùn tó wà lẹ́yìn mi tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbójú sókè, mi ò rí orí òkè mọ́. Kí n tó dé kìlómítà 8, òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀, títì sì ti ń dán. Mo dúró, mo pè.

"Mọ́mì, ibo lo dé? Ojú ọjọ́ ńkọ́?"

"Ojú ọjọ́ dára, Dádì. Ó kàn tutù díẹ̀ ni. Ẹ má ṣèyọnu."

Kìlómítà mẹ́ta péré ló kù. Oṣù márùn-ún ni mo ti fi ń múra sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mi ò kúkú purọ́, ta ló sọ pé òjò wínníwínní ò dára? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ sọ àti ohun tí ó fi pa mọ́. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Mo dé òkè. Mo ti rò pé inú mi yóò dùn, pé màá rí àfonífojì nísàlẹ̀ bí mo ṣe rí i nínú àwòrán. Kùrukùru bo gbogbo rẹ̀, òjò sì ti ń le sí i. Eyín mi ń gbá ara wọn. Mo gbé fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bàbá kan tó sá sábẹ́ ìbòrí fi Píjìn sọ fún mi pé kí n dúró kí òjò dá. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ bí mo bá dúró, ọkọ mi yóò bi mí ohun tó dá mi dúró nígbà tí ojú ọjọ́ dára. Kí irọ́ mi má baà tú, mo kọrí kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ìgòkè kì í sábà ṣe ènìyàn léṣe, ìsọ̀kalẹ̀ ni ká ṣọ́ra fún. Nígbà tí mò ń gòkè, agbára káká ni mo fi ń sá kìlómítà 7 ní wákàtí kan. Nígbà tí mò ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ lè sá kọjá 50 láìjẹ́ pé mo wa pẹ́dà rárá. Bíréèkì tèmi jẹ́ irú èyí tí rọ́bà ń di ẹ̀gbẹ́ irin táyà mú. Bí irin náà bá tutù, omi ni rọ́bà yóò kọ́kọ́ nù kúrò kó tó rí irin dì mú. Ìka mi ti kú, mi ò mọ̀ bí mo tẹ bíréèkì le tàbí mi ò tẹ̀ ẹ́ le. Mo já kọ́nà kan, mo já èkejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, iná ọkọ̀ yọ sí mi nínú kùrukùru. Mo tẹ bíréèkì, táyà ẹ̀yìn yọ̀, mo ṣubú, mo sì fi ìdí wọ́ títí dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ọkọ̀ náà dúró, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí mi lọ.

Ọkọ̀ tiwa ni.

Láti ìsàlẹ̀ ni ọkọ mi ti rí i tí ìkúùkù bo òkè mọ́lẹ̀. Ó pè mí, kò wọlé. Ó gbà pé mo ṣì wà lókè níbi tí ojú ọjọ́ ti dára, ó wá ń bọ̀ wá pàdé mi. Kò mọ̀ rárá pé mo ti ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó gbé mi sínú ọkọ̀, ó bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀ fún mi. Orúnkún àti ìgúnpá mi ti bó. Kò bá mi jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi tó wà lẹ́yìn ló sọ ọ́, pẹ̀lú omijé lójú: "Mọ́mì, ẹ ṣáà ní ojú ọjọ́ dára."

Ó ti gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ẹnu mi kò gbà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, òtítọ́ a bá a lọ́jọ́ kan, tèmi ò tó wákàtí méjì. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọkọ mi dáhùn pé, "Mi ò ní kí o má gun òkè. Ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni kí o máa sọ fún mi, kí n lè mọ ibi tí màá dúró dè ọ́ sí."

Mo ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà láti ìgbà náà. Mo máa ń gbé aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ìbọ̀wọ́ dání, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Mo máa ń ki ìwé ìròyìn bọ abẹ́ aṣọ láyà kí n tó sọ̀kalẹ̀, ó ń dá atẹ́gùn dúró dáadáa. Bí títì bá tutù, mo máa ń jò díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà dànù, kí n tó dé kọ́nà ni mo sì ń tẹ bíréèkì, kì í ṣe nínú rẹ̀. Mo máa ń yẹra fún ewé àti ọ̀dà funfun ojú títì, nítorí wọ́n ń yọ̀. Iná pupa máa ń wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, funfun níwájú. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, òfin kan ló ju gbogbo èyí lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "ojú ọjọ́ dára" lórí fóònù. Ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́: oòrùn ni, ìkúùkù ni, kùrukùru ni, wínníwínní ni, tàbí ọ̀wààrà òjò.

A padà lọ ní oṣù April, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo wa kẹ̀kẹ́ dé kìlómítà 8, ara mi le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àrá sán lókèèrè. Mo dúró, mo pe ọkọ mi. Ọmọ mi ló gbé e.

"Mọ́mì, kí lẹ rí?"

"Ìkúùkù dúdú ni. Àrá ti sán lẹ́ẹ̀kan. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n wá gbé mi. A di kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, a jókòó sínú rẹ̀, a jẹ ìrẹsì tí a gbé wá, òjò sì rọ̀ títí ó fi dá. Kìlómítà mẹ́ta ló ṣì kù fún mi lórí òkè náà, oṣù November ni a ó sì tún lọ.