Òwu Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé wa mọ́lé ní Abẹ́òkúta, èmi ni mo ní láti ṣe ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wa. Inú sáfà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń kó fáìlì sí ní ọ́fíìsì, ni ìwé náà wà. VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ́fíìsì, ní òun ti ṣí. Síbẹ̀ sáfà kò dáhùn. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé, tí àwọn ènìyàn sì ń retí owó.

Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn ni mo rí i: nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1 ni rọ́tà ilé mi ń pín, òun náà sì ni ti ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà mi rò pé inú ilé mi ni sáfà wà. Kò tilẹ̀ gba ọ̀nà náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a rán ọmọdé kan sí Òwu láti Aké. Òwu tí ó wà nínú Abẹ́òkúta níhìn-ín ni yóò lọ. Kò ní rántí Orílé-Òwu tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Mo yí ti ilé padà sí 192.168.50. Sáfà jẹ́ mi lóhùn, owó sì dé ọwọ́ olówó. Ọ̀nà kò bàjẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Orúkọ ni ó pé méjì.