Òpó Ijó Kan Láti Ọba Akran Dé Agége

Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, òpó ijó tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ti di ohun tí mò ń fi ojú lásán wò lórí fóònù. Mo ṣírò owó òpó, mo ṣírò owó tí wọ́n á fi gbé e wá, mo fi ti kọ́sítọ̀ọ̀mù lé e, mo wá pa fóònù náà dé. Ṣùgbọ́n kí ni òpó yìí gan-an? Páìpù ni. Páìpù tó dán, tó dúró ṣánṣán láti ilẹ̀ dé àjà, tí kò ní í mì bí èèyàn bá so rọ̀ lára rẹ̀. Agége ni mo sì ń gbé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìgérin ti ń jí mi kí àkùkọ tó kọ. Àwọn tó ń ṣe géètì onílẹ̀kùn méjì fún ilé iṣẹ́ ládùúgbò wa kò ṣàì lè ṣe òpó kan fún mi.

Eré ìdárayá ni mo fẹ́ fi ṣe. Apá, ẹ̀yìn àti ikùn ni ìyà eré náà ń jẹ. Ẹni tó bá rò pé ìdí nìkan ni wọ́n ń jù níbẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó wò ó. Láti ọdún 2009 ni àjọ International Pole Sports Federation ti wà. Òpó méjì ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ níbi ìdíje wọn, ọ̀kan dúró gbagidi, èkejì ń yí, 45 mílímítà sì ni ìbú wọn. Ní Maharashtra ní ilẹ̀ Íńdíà, òpó igi ni wọ́n ń gùn tí wọ́n fi ń dárà, mallakhamb ni wọ́n ń pè é, àwọn oníjàkadì ló sì ń fi í le ara. Èmi ò tiẹ̀ ní lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ti rí akọ̀pẹ tó fi igbà gbé ara rẹ̀ dé orí ọ̀pẹ, tí yóò ní òun kò rí irú èyí rí? Ṣùgbọ́n ilé ijó alẹ́ bí èyí tó wà ní Allen Avenue ni òpó ti gba orúkọ ní Èkó, n kò sì lè bá gbogbo ìlú jà.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ní Agége láti lọ wá páìpù. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀, àmọ́ oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Mo fi káàdì Cowry kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, mo wọlé, n kò sì tíì gbé àpò mi kalẹ̀ dáadáa tí a fi dé Ìkẹjà, nítorí òun ló tẹ̀ lé Agége. Àwọn dánfó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí Agege Motor Road, wọ́n so kọ́ra.

Ọ̀nà Ọba Akran ni mo gbà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló dá àgbègbè ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967; ọba Àgbádárìgì tó ṣe mínísítà nínú ìjọba náà ni wọ́n fi sọ títì yìí. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbí ní 1962. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Vitafoam sílẹ̀, ojú títì kan náà ló sì wà. Dunlop ṣe táyà níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dá iṣẹ́ náà dúró. Lónìí, ilé ìkẹ́rù míì ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di gbọ̀ngàn àríyá. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ lè ti ilẹ̀kùn kí ọwọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ má tì. Ọ̀gá tó kọ́ wẹ́dà tí mo padà gbé iṣẹ́ fún ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ̀kan nínú àwọn tó ti kógbá sílé.

Páìpù sítéènlẹ́ẹ̀sì tò sórí ara wọn títí dé òkè nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ bi mí pé, "Àǹtí, ti àtẹ̀gùn ni àbí ti bálíkónì?" Mo ní 45 mílímítà ni mo ń wá. Ó wò mí. Ínṣì ni wọ́n fi ń ta páìpù níbí: ínṣì kan ààbọ̀, ìyẹn 38 mílímítà, àti ínṣì méjì, tó lé díẹ̀ ní 50. Àárín wọn ni tèmi wà. Létí, mílímítà mélòó kan kò jọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ ọ́n. Ìka mi kò ká èyí tó tóbi tán, ọwọ́ á sì tètè rẹ̀ mí lórí rẹ̀. Èyí tó kéré á máa mì bí mo bá fì. Ó yá, ó rántí pé oníbàárà kan ní kí wọ́n bá òun wá ínṣì kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, kò sì padà wá gbé e. Ìyẹn lé díẹ̀ ní 44. Bí mo ṣe dì í mú, mo mọ̀ pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Ó ku nínípọn. Páìpù àtẹ̀gùn tí wọ́n ń tà jù lọ fẹ́lẹ́. Ó lè gbé ẹni tó fara tì í, kò lè gbé ẹni tó so mọ́ ọn. Mo ní kó fi kàlípà wọn èyí lójú mi: mílímítà méjì. Ó yọ òòfà kan tó tú lára sípíkà àtijọ́, ó fi kan irin náà, kò lẹ̀. "Ojúlówó nìyẹn, Àǹtí." Òótọ́ ni pé òòfà kì í sáábà lẹ̀ mọ́ irú tí wọ́n ń pè ní 304, ṣùgbọ́n kì í sáábà lẹ̀ mọ́ 201 náà, èyí tí owó rẹ̀ kéré tó sì ń tètè dípẹtà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ ni mo kà. Nígbà tí mo rí 304, a bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Wọn kì í gé páìpù tà. Odindi mítà mẹ́fà ni wọ́n ń tà, ìdajì rẹ̀ sì tó mi. Mo ra gbogbo rẹ̀, wọ́n gé e sí méjì kó lè wọ kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní Ìkẹjà, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn lọ́jọ́ náà, nítorí mo mọ irú ọlọ́kadà tí yóò gbé irin mítà mẹ́ta dábùú itan rẹ̀ tí yóò ní kò séwu. Mo ra fóòmù líle kan tí mo máa tẹ́ sábẹ́ òpó, a gba orí afárá Pen Cinema, a dé ilé.

"Àǹtí, ẹ má bínú o, kílò mélòó ni yín?" Ohun tí wẹ́dà kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Mo ti to àlàyé sẹ́nu: pé mi ò fẹ́ dá ilé ijó sílẹ̀, pé ọkọ mi mọ̀ nípa rẹ̀. Kò béèrè ìkankan. Mo ní mo wọn 74. Ó ní òun á ṣe é bí ẹni pé èèyàn mẹ́rin ló fẹ́ so mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń fì wúwo ju ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Ágọ́ọ̀nù ló fi ń jó sítéènlẹ́ẹ̀sì; afẹ́fẹ́ yẹn ń bo ojú ibi tó gbóná kí atẹ́gùn má bàa dé ibẹ̀ kó sì dúdú. Ó gé irin pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún òkè, ihò bóòtù mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ayálégbé ni mí, kò jó òpó mọ́ wọn. Ó jó páìpù kúkúrú tí òpó yóò kì bọ̀ mọ́ irin òkè, ó ṣe irú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìdè tí èèyàn lè tú lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ.

Ó wá bi mí ní èyí tó ṣe pàtàkì jù: "Ìsàlẹ̀ lẹ ń gbé àbí òkè?" Òpó kò lágbára ju ibi tí orí rẹ̀ so mọ́ lọ. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní dẹ́kìn kọnkéré lórí. Ẹni tó ń gbé òkè pátápátá, igi òrùlé àti POP nìkan ló ní. Àwọn òpó kan wà tí kò nílò bóòtù, tí èèyàn kàn ń yí kí wọ́n gùn títí wọ́n á fi há sáàárín ilẹ̀ àti àjà. Lábẹ́ POP, tí wọ́n fi wáyà so rọ̀, àjà ni irú òpó bẹ́ẹ̀ máa fọ́. Mo ní ìsàlẹ̀ ni mo ń gbé. Ó ní kí n lọ bá onílé sọ̀rọ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo sọ tẹnu mi. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Irin, láti ilẹ̀ dé dẹ́kìn. Ṣé ilé mi ti sán ni?"

"Rárá o, Bàbá. Eré ìdárayá ni."

"Irú èyí tí wọ́n ń ṣe nínú fíìmù?"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Kí n tó dáhùn, Bàbá ti kọjá ibẹ̀. "Ìyá Dámi, ṣé wàá dí àwọn ihò yẹn tó o bá ń kó lọ?" Mo ní màá dí wọn. Ó ní kò burú.

Sátidé ni wẹ́dà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n gé POP ní róbótó, ihò òkùnkùn kan yọ, dẹ́kìn wà lókè rẹ̀. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ wẹ́dà ló fa dríìlì. Ihò kejì kan irin inú kọnkéré. Wẹ́dà kò fipá mú un, ṣe ló yí irin pẹlẹbẹ náà díẹ̀ tó sì gbẹ́ òmíràn. Ó so nọ́ọ̀tì ńlá mọ́ okùn, ó jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ láti òkè títí tí kò fi mì mọ́, ó sàmì síbi tó tọ́ka sí. Nílẹ̀, ó rọra fi dríìlì lu táìsì láìjẹ́ kó máa gbá, kí ó má sán. Nígbà tí òpó dúró, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gun un pọ̀, wọ́n fì síwá, wọ́n fì sẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ náà kò fẹ́ sọ̀ mọ́.

Àtìgbà yẹn, ooru ni ọ̀tá mi. Awọ ara ló ń di irin mú, aṣọ kò lè dì í. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń wọ péńpé, ohun tí aládùúgbò mi kan kò tíì fẹ́ gbà. Tí iná bá lọ tí fáànù sì dúró, òógùn á sọ sítéènlẹ́ẹ̀sì di ẹja àrọ̀. N kì í fi ìpara sára lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ gùn ún. Spírítì ni mo fi ń nu irin, mo sì ń fi ẹfun ìdìmú pa ọwọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kùtùkùtù ni mo ń ṣe é, kí òrùn tó mú.

Ìdajì páìpù tó kù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá onílé sọ̀ kalẹ̀ wá wo tèmi, ó fọwọ́ kàn án, ó béèrè bóyá irú rẹ̀ lè wọ yàrá òun lókè. Wẹ́dà ní kò lè ṣeé ṣe, igi òrùlé ló wà níbẹ̀. Bàbá ti rí ibi tí yóò fi í sí. Orúnkún ń dun ìyàwó rẹ̀, àtẹ̀gùn ilé wa kò sì ní ohun tí èèyàn lè dì mú láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó ní kí n ta páìpù náà fún òun ní iye tí mo rà á. Èmi àti ẹ̀ tètè parí tiwa. Iye tí wẹ́dà ní òun máa gbà láti jó o mọ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣì ń ná nígbà tí mo wọlé lọ.