Táyà Tuntun Lórí Iyanrìn Ajah

Ẹni tí kò bá tíì gun kẹ̀kẹ́ ní Ajah rí lè rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Òótọ́ ni pé kò sí òkè níbẹ̀, nítorí pé àárín omi méjì ni ilẹ̀ Lekki nà sí, ọ̀sà ní àríwá, òkun ní gúúsù. Ṣùgbọ́n iyanrìn ni ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá ti kúrò lórí títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹ yà sí ọ̀nà Badore tàbí Langbasa, ẹ ó bá iyanrìn tí ń gbá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ ó bá ìńtálọ́ọ̀kì tí ó ti yọ eyín síta, ẹ ó sì bá omi òjò àná tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí ó ti jìn tó.

N kì bá tí gun kẹ̀kẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti ní kí ọ̀kadà má ṣe ná ọ̀nà Etí-Ọ̀sà mọ́. Nígbà tí ó sì di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò kúrò, owó ọkọ̀ fò sókè. Mo ṣírò títí, mo rí i pé owó tí èmi àti ọmọ mi fi ń wọkọ̀ ti ń bá owó ọbẹ̀ du ipò. Mo bá gbé Raleigh tí ìyá mi fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ jáde, mo nù ún, mo fi òróró sí i, mo gbé ọmọ sẹ́yìn.

Táyà ni n kò wò. Ara rẹ̀ ti sán bí ètè lásìkò ọyẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Badore, ẹsẹ̀ iwájú yọ̀ lórí iyanrìn tútù, a ṣubú. Orúnkún ọmọ bó díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí n ta nǹkan náà, kí owó rẹ̀ di owó ọkọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́, mo ní mo fẹ́ táyà 26. Ó fún mi ní 26. Fọkanáísà làágùn lórí rẹ̀ títí, kò wọlé. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, 26 kì í ṣe ọ̀kan náà o! Èyí tí mo rà jẹ́ 26 × 1.75, ti kẹ̀kẹ́ ìyá mi jẹ́ 26 × 1⅜. Nọ́ńbà kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni ó ń sọ òdodo: 47-559 lára ọ̀kan, 37-590 lára èkejì. Ti àkọ́kọ́ ni bí táyà ti fẹ̀ tó ní mìlímítà. Ti ìkẹyìn ni ìwọ̀n ibi tí ó jókòó sí lára ríìmù. Mìlímítà 31 ni ó wà láàárín wọn, kò sì sí agbára apá tí ó lè fa ìyẹn wọlé. Ẹ kọ nọ́ńbà ara táyà àtijọ́ sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé.

Àwọn kan fẹ́ kí n ra èyí tí ara rẹ̀ rí págunpàgun. Ó dára nínú iyanrìn gbẹrẹfu, ṣùgbọ́n ó ń fa ẹsẹ̀ lórí ọ̀dà, orí ọ̀dà ni mo sì ń wà jù. Mo mú èyí tí ilà rẹ̀ kò jìn. (Nígbà tí John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan ní Belfast, ṣe táyà afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ní 1887, nítorí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọkùnrin rẹ̀ ni. Mo gba ti ọkùnrin náà.)

Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ gùn ún, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo fún afẹ́fẹ́ dé òpin ohun tí wọ́n kọ sára táyà; ìńtálọ́ọ̀kì gbọ̀n mí títí dé eyín, kẹ̀kẹ́ sì rì nínú iyanrìn. Mo yọ díẹ̀, mo dín ti iwájú kù ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Ó tù mí lára. Mo wọ inú omi, mo fa ìjánu, mo tún fà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dá mi lójú.

Ó di ọjọ́ kẹfà kí ọmọ tó gbà láti gùn ún. Ó di ìbàdí mi mú, kò sọ̀rọ̀ rárá. Nígbà tí a dé etí ọ̀sà ní Badore, tí a rí ọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀ kalẹ̀, kò wo ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn, ó ní, “Màámi, ó le.”