KÍ ORÚNKÚN TÓ KỌ̀!
Bí mo ṣe mú Ìyá Elélùbọ́ kúrò l'ọ́jà Ẹdẹ fún ọjọ́ kan ṣoṣo

  

N'ílẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bàálù kékeré ni wọ́n fi ń ṣe fàájì. Kì í gbà ju èèyàn méjì tàbí mẹ́rin lọ. Bí ìsinmi bá dé, wọ́n á gbé e fò láti abúlé kan dé òmíràn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí pápá koríko, wọ́n á rìn wọ ìlú, wọ́n á sì jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán fún bíi wákàtí méjì: búrẹ́dì, ẹran, wàràkàṣì. Ọtí wáìnì wà nílẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó máa wa bàálù padà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. (Ẹ̀yin awakọ̀ wa tó ń mu páragà ní gáréèjì, ṣé ẹ gbọ́?) Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dé'lé.

Mo sọ èyí fún Ìyá Elélùbọ́ kan ní Ọjà Tìmì, l'Ẹdẹ níbí. Wọ́n bú s'ẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Akọ̀ròyìn, ó lé l'ọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta elùbọ́. Mi ò dé Òṣogbo rí àfi tí mo bá fẹ́ lọ ra ọjà."

Mo ní: "Ẹ mà bínú, Ìyá. Bàálù ò sí, ṣùgbọ́n mọ́tò wà." Bí a ṣe dá ọjọ́ nìyẹn.

ẸJỌ́ INÚ MỌ́TÒ

Aago méje àárọ̀ la wọ mọ́tò Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ bàálù náà la bá l'ẹ́nu àwọn èrò. Àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun máa ń sọ pé bàálù ti balẹ̀ l'ọ́dọ̀ wọn láti 1936. Ọ̀dọ̀ wọn náà n'ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá pè. Nígbà tó di 2025, ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè ní òun ń gbé e bọ̀ l'Ẹdẹ. Ni Ìdó-Ọ̀ṣun bá fárígá. Èmi ò dá s'ẹ́jọ́ o! Ìyá Elélùbọ́ ló dá gbogbo wọn l'óhùn: "Bó balẹ̀ s'íbí, bó balẹ̀ s'ọ́hùn-ún, ibi tí ẹ fẹ́ fi han àlejò, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti débẹ̀ rí?" Mọ́tò pa rọ́rọ́.

IṢẸ́ ỌWỌ́ BÍRÍKÌLÀ

Igbó Ọ̀ṣun la kọ́kọ́ yà sí. Hẹ́kítà 75 ni, inú rẹ̀ tutù bí omi àmù, ọ̀bọ ń fò lórí igi. Láti 2005 ni àjọ UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, tó kú ní 2009. Ìlú Paris, n'ílẹ̀ Faransé yẹn náà, lòun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, ti pàdé kí wọ́n tó wá sí Nàìjíríà ní 1950. Ẹdẹ wa níbí ló gbé kó tó d'èrò Òṣogbo. Ajagẹmọ, olórí àwọn ọlọ́bàtálá Ẹdẹ, ló mú un wọ inú òrìṣà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló mọ àwọn ère ńláńlá inú igbó náà o. Adébísí Àkànjí wà ńbẹ̀, bíríkìlà ni!

Ìyá ní: "Ṣé bíríkìlà bíi tàwọn tó ń kọ́'lé wa yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ kan símẹ́ǹtì náà, wọ́n mi orí.

IYÁN ÌJẸ̀ṢÀ

Ó di Iléṣà, ebi ń pa wá. Ilé olóúnjẹ àkọ́kọ́ tí a yà, omi ìfọwọ́ ò sí, eṣinṣin ló ń kí wa káàbọ̀. A yíjú padà, owó wa sì tẹ̀lé wa. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ gbọ́ o!

Èkejì mọ́ tónítóní. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran tó jinná. Ìyá fi olóúnjẹ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ẹ ó tà á l'áwìn?" Ìyẹn ní: "Ọmọ òṣómàáló ni wá, Ìyá. Ìlóṣòó la ó ló títí ẹ ó fi san án!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Nítorí kí àwọn Ìjẹ̀ṣà má baà dá ọ̀nà ni Aláàfin ṣe rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá tẹ Ẹdẹ dó. L'ónìí, ọmọ Ẹdẹ ń gé òkèlè n'Íléṣà, owó iyán sì bọ́ s'ọ́wọ́ obìnrin bíi tiwa. Ohun tó ń bọ́ olóúnjẹ abúlé Faransé náà nìyẹn: ẹni tó jáde n'ílé ló ń jẹun l'óde.

OMI OLÚMIRÌN

Ọwọ́ ọ̀sán la dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí òkè. Ìpele méje ló ní. Ti àkọ́kọ́ la dé. Àwọn ọmọ iléèwé ń gun òkè lọ, Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé e padà. Wọ́n jókòó s'órí àpáta, omi ń ta sí wọn l'ára.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, nígbà tí mo l'ẹ́sẹ̀, ọjà ò jẹ́. Nísinsìnyí tí mo ráyè, orúnkún ò jẹ́."

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìlú ti ń tan iná nígbà tí a wọ Ẹdẹ. L'ọ́jọ́ kejì, mo bá Ìyá n'ídìí elùbọ́ wọn, wọ́n ń bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wà n'ítòsí wọn sọ̀rọ̀: kí wọ́n dá àjọ, kí wọ́n máa fi jáde l'ẹ́ẹ̀kan l'ọ́dún. Wọ́n ní àwọn yóò máa dúró n'ísàlẹ̀ òkè ṣọ́ bàtà wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ fẹ́ dé kí orúnkún tó kọ̀? Ẹ kọ ọ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ sójú ewé lẹ́tà. Ó dìgbà kan ná.