Etí Ni Màmá Mi Fi Ń Wo Fíìmù

Mo fẹ́ràn fíìmù, ṣùgbọ́n n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ náà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú, n kò sì lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ìdí tí ibì kan fi mọ́lẹ̀ tí ibòmíràn sì ṣókùnkùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí fíìmù kan bá dára, ara mi á sọ fún mi. Bí kò bá dára, oorun á gbé mi lọ. Irú wa ló pọ̀ jù láàárín àwọn òǹwòran, àwa náà la sì ń san owó. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe retí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èrò ọkàn òǹwòran lásán ni.

Ohun tó yí ọ̀nà tí mo ń gbà wo fíìmù padà ni ojú màmá mi tó ṣú. Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ni. Kò dùn wọ́n, kò yún wọn, ó kàn ń jí ìmọ́lẹ̀ gbé láti ẹ̀gbẹ́ ojú bọ̀ wá sí àárín. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2021, ohun tó kù tí wọ́n ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n kò ju ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lọ. Wọn kò torí ìyẹn fi fíìmù sílẹ̀. Ẹni tó ti ń wòran láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ eléré ń ti ìlú dé ìlú, ta ni yóò ní kí ó dìde? Wọ́n á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀, èmi á sì jókòó tì wọ́n, mà á máa sọ ohun tó ń lọ fún wọn. Láti ìgbà náà ni fíìmù ti pín sí ọ̀nà méjì lójú tèmi: èyí tí mo lè dákẹ́ nídìí rẹ̀, àti èyí tí ẹnu mi kì í sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí Ṣaworoidẹ bẹ̀rẹ̀, èyí tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Fíìmù òṣèlú ni gbogbo ayé ń pè é, òótọ́ sì ni. Ọba ìlú Jogbo kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀, àwọn ìjòyè ń bá àwọn agégẹdú pín owó igbó, ṣọ́jà sì dá sí i. Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà ní ayé àwọn ológun, tí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999 yẹn gan-an, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó parí ìjẹgàba ní Jogbo. Ìlù ni. Kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ẹjọ́. Etí ló kọ́kọ́ gbọ́ ìdájọ́ kí ojú tó rí i. Nígbà tí Adébáyọ̀ Fálétí bá sì la ẹnu gẹ́gẹ́ bí Ọ̀pálábá, màmá mi á ní kí n dákẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò tíì sọ nǹkan kan. Akéwì ni Fálétí, àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni pẹ̀lú. Wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀.

Mo rò pé mo mọ ibi tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ tí Hubert Ògúǹdé dá sílẹ̀ ní 1945 àti àwọn tó tẹ̀lé e, orí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn ìlú kò lè rí omijé lójú òṣèré; àfi kí ẹkún náà jáde láti ẹnu. Nígbà tí Ògúǹdé wá gbé Aiyé lọ sójú fíìmù ní 1979, ó gbé ohùn náà dání. Fíìmù ẹ̀rù ni, ìjà láàárín Ọ̀ṣẹ́túrá àti àwọn àjẹ́, ọgbọ́n ìdán kámẹ́rà tí wọ́n lò níbẹ̀ sì lè pa ọmọdé òde òní lẹ́rìn-ín. Ẹ di ojú yín kí ẹ gbọ́ orin àti ọfọ̀ inú rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ lè dá nìkan sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń yin ayé àtijọ́ nítorí pé ó ti lọ. Àwọn fídíò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn 1990, tí kásẹ́ẹ̀tì wọn kún ilé gbogbo wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dára létí rárá. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, dùùrù kan ṣoṣo ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ sì rántí mọ́tò! Mọ́tò á wọ ilé, wọ́n á ṣí géètì, ọ̀gá á sọ̀ kalẹ̀, á gun àkàsọ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Nígbà tí a tún wo ọ̀kan nínú wọn láìpẹ́ yìí, màmá mi ní, “Àkànní, ṣé kò tíì délé ni?” Mo ní, “Ó ṣì ń pa géètì dé, mà.”

Nínú fíìmù ìfẹ́, n kò tíì rí èyí tó bo Ó Le Kú mọ́lẹ̀. Ìwé Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974 ni Kèlání sọ di fíìmù ní 1997: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ pín sí. Ojú ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi gbà á nígbà náà. Ìró kúkúrú àti bùbá tó wà nínú rẹ̀ padà di oge káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí tí orúkọ fíìmù náà fi di orúkọ aṣọ. Màmá mi náà rán tiwọn. Nísinsìnyí tí aṣọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ṣe ń yẹ ìbéèrè sílẹ̀, bí obìnrin kan ṣe ń bínú láìpariwo. Ẹ fi wé fíìmù ìfẹ́ tó wọ́pọ̀ lónìí. Ọkùnrin àti obìnrin á dúró sí etí òkun, orin á máa lọ. “Kí ni wọ́n ń ṣe?” “Wọ́n ń wo ara wọn, mà.” Ó pẹ́ díẹ̀. “Nísinsìnyí ńkọ́?” “Wọ́n ṣì ń wo ara wọn.” “Ṣé wọn kò lẹ́nu ni?”

Apanilẹ́rìn-ín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ahọ́n ni oko rẹ̀. Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà, ní 1982, ó yẹ kí ó sọ ẹni tó ni ín di olówó. Àwọn olè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè tí ọkùnrin náà jẹ láti ṣe é sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. N kì í lè rẹ́rìn-ín dénú nígbà tí mo bá ń wò ó. Jẹ́nífà tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe ní 2008 ni màmá mi fẹ́ràn jù. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Suliat ń fọ́ ni ẹ̀rín fíìmù náà. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ọmọ tó ń fi ahọ́n gun igi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ìgbẹ̀yìn fíìmù yẹn korò, mo sì gbà pé kíkorò náà ló jẹ́ kí ó ju ọ̀pọ̀ àwàdà tó bí lẹ́yìn lọ.

Ti Fúnkẹ́ Akíndélé náà ni A Tribe Called Judah, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nínú ilé sinimá. Mo mú màmá mi lọ wò ó ní Ìbàdàn. Ìyá kan ló bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ọmọ náà sì fẹ́ jalè nítorí àìsàn ìyá wọn. Bí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ti ń lọ lọ́wọ́, nǹkan rọrùn fún wa. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìdúró: ta ló sá, ta ló ṣubú, ta ló gbé àpò. Ẹni tó wà níwájú wa yíjú padà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, màmá mi ló dá a lóhùn, pé kí ó má bínú, ojú àwọn ló ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó tún fún wa ní gúgúrú.

Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni àwọn fíìmù ayé àtijọ́ tí owó ńlá ń lọ sí lórí Netflix. Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022, lẹ́wà lójú ju ohunkóhun tí mo ti rí ní èdè wa. Ibi tí ẹyẹ àkàlà ti wá bá òkú Ṣàró, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó sí. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé àlọ́ gidi ni. Ìtàn náà lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ. Nínú Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, ní 2023, Gbọ́tìjà ń bá igi sọ̀rọ̀, igi sì ń gbọ́. Níbẹ̀ ni màmá mi ti nà ró lórí àga. Lẹ́yìn náà, idà pàdé idà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì bi mí bóyá ilé alágbẹ̀dẹ la wà.

Àrùn tó ń ṣe irú àwọn fíìmù báyìí lápapọ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ronú ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ aṣọ òfì fún un. Olorì á wà láàfin, ìyùn á wà lọ́rùn rẹ̀, a ó sì gbọ́ ọ tí ó ń sọ pé òun “ní ìmọ̀lára” fún ẹnì kan. “Kí ló ń ṣe é?” ni màmá mi béèrè nígbà kan. “Ṣé ibà ni?” Ẹni tó ń ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ kò ní fura, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti padà sílé rẹ̀. Ẹni tí etí nìkan kù fún ló ń jìyà rẹ̀, ó sì lè rò pé òun ni kò gbọ́ èdè òun mọ́.

Ìdí nìyí tí Ẹlẹ́ṣin Ọba ti 2022 fi yà mí lẹ́nu. Bíyì Bándélé ló darí rẹ̀ láti inú eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975. Ikú pa Bándélé ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, kí ayé tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Owó ńlá lọ sí òun náà, síbẹ̀ ẹnu ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó bá ń sọ̀rọ̀, mò ń túmọ̀; nígbà tí Ẹlẹ́ṣin, Olóhùn-iyọ̀ àti Ìyálọ́jà bá ń sọ̀rọ̀, mo dákẹ́. A jiyàn lẹ́yìn rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Mo ní Ẹlẹ́ṣin ló fẹ́ràn ayé jù, kí a má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru òyìnbó nìkan. Màmá mi ní ti ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fún un lálẹ́ ikú rẹ̀ ló ká àwọn lára. Wọ́n ní ohùn gbogbo ènìyàn ni àwọn gbọ́, àwọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ṣé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́? Mo ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí n fi àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí n máa sọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe fún àwọn.